Àwo "Marcus Garvey" ti Burning Spear: kí ni kí n sọ, ẹ̀dà wo ni kí n lò?

Àmọ̀kẹ́ Orí Afẹ́fẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ètò wákàtí kan lórí rédíò ayélujára tí àwa ọmọ Yorùbá ń ṣe níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ lo àwo kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn "Marcus Garvey" tí Burning Spear gbé jáde lọ́dún 1975. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ mi ò mọ ẹlòmíì nínú rẹ́gẹ̀ yàtọ̀ sí Bob Marley. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé Marcus Garvey ni orúkọ akọrin náà. Àwo yìí kò tó ogójì ìṣẹ́jú, nítorí náà màá rí bí ogún ìṣẹ́jú fi sọ̀rọ̀. Kí ló yẹ kí n sọ? Ṣé orin kan wà tí mo lè fò? Mo sì rí i pé ẹ̀dà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, èwo ló dáa jù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù

Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Má fo orin kankan. Mẹ́wàá péré ni wọ́n, wọ́n sì to ara wọn lé ara wọn ni.

Ìlú ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí orin. Ìlú kan wà ní etíkun àríwá Jámáíkà tí wọ́n ń pè ní St Ann's Bay. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Marcus Garvey sí ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1887, aṣáájú tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Winston Rodney sí, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Burning Spear. Nine Mile tí wọ́n bí Bob Marley sí, ẹkùn St Ann kan náà ló wà. Marley yìí ló ní kí Rodney lọ bá Coxsone Dodd ní iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Studio One ní Kingston lọ́dún 1969. Orúkọ tó mú, Burning Spear, oríkì tí wọ́n fi ń pe Jomo Kenyatta ti Kẹ́ńyà ni. Nítorí náà, kí ọkùnrin yìí tó kọ orin kan lórí Garvey rárá, orúkọ ẹni tó gba ilẹ̀ baba rẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó ló ti wọ̀ sọ́rùn.

Ó ṣe àwo méjì fún Studio One. Ní 1975 ló pàdé Lawrence Lindo tí wọ́n ń pè ní Jack Ruby, ará Ocho Rios, ìtòsí ilé rẹ̀ náà ni. Jack Ruby ní sound system, àwọn tó ń kó gbohùngbohùn gàgàrà lọ síta, tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, tí àwọn èèyàn ń jó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ohun tó ń fa èrò sí irú ibi bẹ́ẹ̀ ni orin tí ẹlòmíì ò ní. Orin "Marcus Garvey" yìí, Jack Ruby fẹ́ kó jẹ́ ti òun nìkan, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ òun. Àmọ́ àwọn èèyàn gbọ́ ọ, ara wọn ò gbà á mọ́, ó di dandan kó tẹ̀ ẹ́ síta. Kíá ló gbòde. "Slavery Days" tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni odindi àwo jáde. Sọ ìtàn yìí dáadáa fún wọn. Kì í ṣe ọ̀gá iléeṣẹ́ kankan ló jókòó tó ní kí wọ́n kọrin nípa Garvey. Àwọn tó ń jó níta ló ní àwọn fẹ́ ẹ.

Agbábàsì

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn olórin, nítorí wọn kì í rántí wọn nínú irú ètò báyìí.

Sítúdíò Randy's ní North Parade, Kingston, ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Black Disciples lorúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ olórin náà. Wo àwọn tó wà níbẹ̀: Robbie Shakespeare àti Aston Barrett lórí bàsì, Leroy Wallace tí wọ́n ń pè ní Horsemouth lórí ìlù, Earl Chinna Smith àti Tony Chin lórí gìtá, Tyrone Downie lórí dùùrù. Barrett àti Downie tún ni àwọn tó ń bá Marley ṣe. Bobby Ellis ló fun trọ́mpẹ́ẹ̀tì, Vincent Gordon fun tròǹbóònù, Herman Marquis àti Dirty Harry fun sàsófóònù.

Àmọ̀kẹ́, ní kí àwọn olùgbọ́ rẹ fetí sí àwọn afunfèrè yìí nínú orin àkọ́kọ́. Wọn ò fọnnu. Gbólóhùn kúkúrú kan ni wọ́n ń fun, tó wúwo, tó sì ń bani nínú jẹ́ díẹ̀, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún fun ún. Láàárín rẹ̀ ni bàsì ti ń rìn. Bàsì kì í sáré nínú àwo yìí. Tó o bá fi gbohùngbohùn kékeré inú fóònù gbọ́ ọ, ìdajì àwo náà ni kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ. Sọ fún wọn kí wọ́n wá ohun tó ní bàsì, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ bo etí.

Ohùn Spear ńkọ́? Kò pariwo. Ó máa ń mú gbólóhùn kan, á sọ ọ́, á tún un sọ, á yí i padà díẹ̀, títí yóò fi wọ èèyàn lára. Delroy Hinds àti Rupert Willington ló ń gbe orin. Lílé àti ègbè ni gbogbo rẹ̀, ọmọ Yorùbá kankan ò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Nínú "Slavery Days", ìbéèrè ni lílé àti ègbè jọ gbé: ṣé ẹ rántí ìgbà oko ẹrú? Á ka ohun tí wọ́n fojú wọn rí, bí wọ́n ṣe lù wọ́n, bí wọ́n ṣe lò wọ́n, á sì tún béèrè. Kò dúró gba èsì.

Adé Dub

Lórí ẹ̀dà: méjì ló ṣe pàtàkì. Ọ̀kan ni èyí tí Jack Ruby tẹ̀ ní Jámáíkà. Èkejì ni èyí tí Island Records gbé jáde fún ọjà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ìparí 1975. Island tún ohùn inú rẹ̀ pò, wọ́n sì mú àwọn orin kan yára sí i, kó lè dùn létí àwọn òyìnbó. Inú Spear ò dùn sí i. Ara ohun tó mú kó dá iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, tó pè é ní Spear, kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù

Ẹ̀dà Jámáíkà ni kó lò. Ẹni tó ni iṣẹ́ ti sọ pé òun ò fẹ́ èkejì. Kí ló tún kù?

Adé Dub

Bàbá, mo gbà yín gbọ́, àmọ́ ẹ̀dà Island ni àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú gbọ́ ní Brixton, ní Handsworth àti ní Bristol. Òun ló mú kí ọmọ Jámáíkà tí wọ́n bí sí Bìrìtéènì béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ pé ta ni Garvey. A ò lè yọ ìyẹn kúrò nínú ìtàn. Òun náà ló rọrùn jù láti rí. Imọ̀ràn mi ni pé kó fi ẹ̀dà Island ṣe ètò náà, kó wá fi ẹ̀dà Jámáíkà ti "Marcus Garvey" kún un ní ìparí tó bá rí i, kí àwọn èèyàn fi etí ara wọn wọ̀n ọ́n.

Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù

Mi ò gbà, àmọ́ ètò Àmọ̀kẹ́ ni.

Olùkọ́ Ìtàn

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹni tí kò bá mọ Garvey, àwo yìí á kàn máa dún sí i létí lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n fún Àmọ̀kẹ́ ní ohun tó lè sọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Garvey dá ẹgbẹ́ UNIA sílẹ̀ ní Kingston lọ́dún 1914, ẹgbẹ́ tó ń wá ìlọsíwájú àwọn aláwọ̀ dúdú kárí ayé. Harlem ní Niu Yọ́ọ̀kì ni ẹgbẹ́ náà ti gbilẹ̀. Ó dá ìwé ìròyìn Negro World sílẹ̀ ní 1918, àwọn ìjọba amúnisìn sì fòfin dè é ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà àti ní erékùṣù Caribbean. Ní 1919, ó dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Black Star Line sílẹ̀. Dúró lórí èyí díẹ̀. Dọ́là márùn-ún ni ìpín kan. Alágbàfọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté, gbogbo wọn ló lè rà á, wọ́n sì rà á. Èèyàn tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó bàbá ńlá rẹ̀ wá bí ẹrù wá ní ìpín nínú ọkọ̀ ojú omi. Tó o bá sọ èyí yé wọn, wọ́n á mọ ìdí tí orúkọ Garvey fi ń mú omi jáde lójú àwọn àgbà Jámáíkà.

Iléeṣẹ́ náà dẹnu kọlẹ̀ ní 1922. Ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n rà, owó gọbọi ni wọ́n sì san lé wọn. Ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn jìbìtì kan Garvey lórí ìwé tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ra ìpín. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1923, ó wọ ẹ̀wọ̀n ní Atlanta ní 1925, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1927, wọ́n sì lé e padà sí Jámáíkà. Oṣù Kìíní ọdún 2025 ni Ààrẹ Joe Biden ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí ẹ̀sùn náà jì í, lẹ́yìn tó ti kú fún ọdún tó lé ní ọgọ́rin.

Àwọn olùgbọ́ rẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà má gbàgbé èyí: Lọ́ńdọ̀nù ni Garvey kú sí, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1940. Kensal Green ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, àfìgbà tí Jámáíkà wá gbé e lọ sílé ní 1964, tí wọ́n sì sọ ọ́ di akọni orílẹ̀-èdè wọn àkọ́kọ́.

Ó wá ku orin kẹfà nínú àwo náà, "Old Marcus Garvey". Spear ka orúkọ àwọn tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ wọn: Paul Bogle tí wọ́n so kọ́ lẹ́yìn ìdìtẹ̀ Morant Bay ní 1865, George William Gordon tí wọ́n so kọ́ nígbà kan náà, àti àwọn olóṣèlú Norman Manley àti Bustamante. Ó ní Garvey nìkan ni ẹnikẹ́ni ò rántí. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí ìjọba ti fi í ṣe akọni ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Lójú tèmi, orin yìí ni ọkàn àwo náà. Ìjọba lè kọ́ ibojì tó rẹwà fún èèyàn, síbẹ̀ kí ohun tó wí má sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni ẹjọ́ tí Spear ń rò.

Ìyá Ìbejì

Olùkọ́, ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ Jámáíkà ni ọkọ mi, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun méjì.

Àkọ́kọ́, Àmọ̀kẹ́, má ṣe sọ lórí afẹ́fẹ́ pé Rasta ni Garvey. Kì í ṣe Rasta. Àwọn Rasta kà á sí wòlíì, nítorí wọ́n gbà pé ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n á fi ọba dúdú jẹ ní Áfíríkà, wọ́n sì fi Haile Selassie jẹ ní Ẹtiópíà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1930. Àmọ́ Garvey fúnra rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu Selassie gidi gan-an lẹ́yìn tí Ítálì gbógun ti Ẹtiópíà ní 1935. Àwọn Rasta mọ èyí, wọn ò sì torí ẹ̀ jù ú nù. Àwọn ló gbé orúkọ rẹ̀ dání ní gbogbo ọdún tí àwọn ọlọ́lá ìlú ń tijú láti dá a.

Èkejì, nínú orin àkọ́kọ́, o máa gbọ́ orúkọ kan, Bagawire. Àwọn olùgbọ́ rẹ á béèrè. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Jámáíkà, òun ni ẹni tó da Garvey. Wọ́n ní ayé rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́yìn náà, ó di ẹni tó ń rìn káàkiri ìgboro nínú àkísà. Spear béèrè pé ibo ló wà, ó sì ní wọn ò rí i mọ́. Bí ọkọ mi ṣe máa ń dákẹ́ tí orin bá dé ibẹ̀, ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mi ò tíì mọ ìtàn náà.

Àmọ̀kẹ́ Orí Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin àgbà, orí yín á pé. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan: ṣé ó yẹ kí n mú un wá sílé, sí ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá? Àbí ó máa dà bíi pé mo ń fi tipátipá so ó pọ̀?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Kò sí tipátipá níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Garvey ní ẹ̀ka ní Èkó láti 1920. Ọkùnrin kan sì tún wà, Dusé Mohamed Ali. Òun ló ni ìwé ìròyìn African Times and Orient Review ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí Garvey ti ṣiṣẹ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kó tó dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀. Nígbà tó yá, Dusé kó wá sí Èkó, ó dá ìwé ìròyìn The Comet sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1933, Èkó náà ló sì kú sí ní 1945. Ẹni tó gba Garvey síṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ wa ló ti fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn parí ayé rẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ti Jámáíkà fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní Westmoreland, abúlé kan ń jẹ́ Abeokuta. Ní Hanover, àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Etu, ọmọ ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n kó débẹ̀ ni wọ́n. Nítorí náà, nígbà tí "Slavery Days" bá ń béèrè bóyá a rántí, àwa náà ni wọ́n ń bi. Mo fẹ́ kó o sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, Àmọ̀kẹ́. Má fi ẹ̀rín kọjá lórí ẹ̀. Badagry ò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Olùkọ́ Ìtàn

Mo fara mọ́ Ìyá Ìbejì pátápátá. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kí Àmọ̀kẹ́ má mẹ́nu kan kìkì òyìnbó. Àwọn ogun ilẹ̀ Yorùbá wà níbẹ̀, àwọn tó ń kó èèyàn tà wà níbẹ̀. Tí a bá ní a fẹ́ rántí, ẹ jẹ́ ká rántí gbogbo rẹ̀.

Adé Dub

Ohun tó wù mí láti sọ láti òwúrọ̀ nìyí. Ní 1976, wọ́n gbé ìkejì àwo yìí jáde, "Garvey's Ghost", tó jẹ́ dub. Wọ́n yọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn Spear kúrò, wọ́n fi ìlù àti bàsì sílẹ̀, fèrè á wọlé, á sì pòórá. Orin mẹ́wàá yẹn kan náà ni, wọ́n kàn yí orúkọ wọn padà. "Slavery Days" di "I and I Survive". "Marcus Garvey" di "The Ghost".

Àmọ̀kẹ́, èyí ni kó o máa fi sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ. Tó o bá ń sọ ìtàn Garvey, jẹ́ kí "The Ghost" máa lọ wẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, kí àwọn èèyàn ti gbọ́ fèrè yẹn kí orin gangan tó dé. Tó o bá ń sọ ti oko ẹrú, fi "I and I Survive" sí i. Ara wọn á ti mọ bàsì náà kí Spear tó la ẹnu. CD kan wà tó pa àwo méjèèjì pọ̀, kó o má bàa wá a kiri.

Agbábàsì

Ìmọ̀ràn tó gbóná nìyẹn, Adé. Ṣùgbọ́n kó yí dub náà sílẹ̀ gan-an nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, nítorí bàsì yẹn máa ń gbé ohùn obìnrin mì.

Ní ti àwọn tó gba ọ̀pá lọ́wọ́ àwo yìí: ní 1977, ẹgbẹ́ olórin Culture gbé àwo "Two Sevens Clash" jáde, lórí àsọtẹ́lẹ̀ tí wọ́n kà sí ti Garvey. Ní ọdún kan náà, Spear ṣeré ní Rainbow Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù yín yẹn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ́gẹ̀ Aswad ló bá a lu ìlù, wọ́n sì fi ṣe àwo. Ní 2005, Sinéad O'Connor ọmọ Áyáláńdì lọ sí Kingston, ó sì kọ orin "Marcus Garvey" fúnra rẹ̀. Sly àti Robbie ló ṣe àwo náà fún un. Robbie Shakespeare kan náà tó wà ní Randy's ní 1975 ni o. Spear fúnra rẹ̀ gba Grammy ní 2000 àti 2009 lórí àwọn àwo mìíràn.

Àmọ̀kẹ́ Orí Afẹ́fẹ́

Mo ti to ètò náà báyìí: màá fi "The Ghost" sọ ti St Ann's Bay àti ti Garvey, lẹ́yìn náà apá àkọ́kọ́ láìdá a dúró. Láàárín, ti Jack Ruby, ti Èkó àti ti Badagry, àti ọ̀rọ̀ Olùkọ́ lórí "Old Marcus Garvey" kí apá kejì tó bẹ̀rẹ̀, nítorí orin yẹn ló ṣí i. Ẹ̀dà Island ni màá lò. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀, kí ni kí n ní kó gbọ́ tẹ̀ lé e?

Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù

Mi ò bínú, ọmọ mi. Ní kí wọ́n lọ gbọ́ "Man in the Hills" ti 1976. Jack Ruby náà ló ṣe é, ó tutù ju èyí lọ, ti abúlé ni. Lẹ́yìn náà "Social Living" ti 1978, tí wọ́n ń pè ní "Marcus' Children" ní Jámáíkà. Kí wọ́n tó lọ síbẹ̀, kí wọ́n gbọ́ "Marcus Garvey" lẹ́ẹ̀kan sí i láìsí ọ̀rọ̀ rẹ láàárín. Tó o bá sì fẹ́ ẹ̀dà Jámáíkà ti orin àkọ́kọ́ fún ìparí ètò rẹ, fi ìwé ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Mo ní rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, màá gbà á sílẹ̀ fún ọ kó tó di ọjọ́ ètò.